Rábí Kò Ní Kúnlẹ̀

Nígbà tí a ń múra àdúà ọjọ́ kẹjọ ìyá àgbà mi, wọ́n gbé bébà kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa wọn, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sára káléńdà. Ẹnì kan tilẹ̀ ti bá mi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: "Ìyá onísùúrù, oníwà tútù, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo fi báírò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó ní láti jẹ́ pé ìyá àgbà ẹlòmíì ni wọ́n ń sọ. Tèmi jà dáadáa. Wọ́n bá álífà jà, wọ́n bá ọlọ́kadà jà, wọ́n bá òǹtẹ̀wé jà, wọ́n sì bá èmi tí mo ń kọ èyí jà fún oṣù méjì gbáko nítorí ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Kí Ọlọ́run fi àánú bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní torí pé wọ́n ti lọ kí n wá gbé ẹlòmíì sí ipò wọn.

Tíṣà Olúpọ̀nnà ni àdúgbò ń pè wọ́n. Ọmọ Ìwó ni wọ́n, agboolé wa ní Ìwó náà ni wọ́n kú sí, àmọ́ Olúpọ̀nnà ni wọ́n ti kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè wọ́n ní Àlàájà. Wọ́n á ní àwọn ò tíì dé Mẹ́kà, àwọn ò sì fẹ́ orúkọ tí àwọn ò fẹsẹ̀ ara àwọn rìn lọ gbà. Báírò kan kì í kúrò lábẹ́ gèlè wọn, àfi tí wọ́n bá fẹ́ kírun. Òwú dúdú ni wọ́n fi so apá kan ìgò ojú wọn, wọn ò sì jẹ́ kí a ra òmíràn, wọ́n ní ojú tí àwọn fi ń ríran kò sí lára férémù.

Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ wọ́n mọ́ jù ni ìwé ìtàn àròsọ kan tí wọ́n kọ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ jáde títí di òní. Inú ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé méje ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìtàn Rábí ni, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń gbé lọ́dọ̀ álífà kan tó ní ilé-kéwú. Iṣẹ́ Rábí ni kó máa pọnmi kún ìkòkò tí àwọn ọmọ kéwú fi ń fọ wàláà, ìyẹn pátákó tí wọ́n ń kọ kéwú sí. Òun alára kò ní wàláà. Ẹ̀bá ìkòkò yẹn ló ti ń gbọ́ ohun tí àwọn yòókù ń kà, gbogbo rẹ̀ ló sì há sórí. Ẹni tó bá lọ sí ilé-kéwú rí mọ òfin ibẹ̀: ọmọ kò gbọdọ̀ fọ wàláà rẹ̀ àfi tó bá ti kà á fún álífà, tí álífà sì ní ó ti mọ̀ ọ́n. Ní orí kẹrin ìwé náà, Rábí gbé wàláà ọmọ álífà, èyí tí ọmọ náà kò tíì kà, ó sì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Kò ṣèèṣì, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n sì ní kó kúnlẹ̀ kó tọrọ àforíjì, kò kúnlẹ̀.

Orí kẹrin yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé wa. Lẹ́yìn tí a sin ìyá àgbà tán ni Bàbá Mùfú, àkọ́bí wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, rí lẹ́tà kan lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Àwọn kan tó ń tẹ̀wé fún àwọn iléèwé ló kọ ọ́. Wọ́n ti rí ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́ olùkọ́ kan, wọ́n sì ṣe tán láti tẹ̀ ẹ́, bí a bá lè jẹ́ kí omi ṣèèṣì dà sí wàláà náà, kí Rábí sì kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí òǹkàwé tó lè fẹ́ràn ọmọ inú ìtàn, ọmọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ dáadáa. Ìyá àgbà kò fèsì. Bàbá Mùfú ní àìsàn ni kò jẹ́ kí wọ́n fèsì. Ọ̀dọ̀ mi ni ìwé náà wà, torí èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Bàbá Mùfú ní kí n tún ibẹ̀ ṣe, kí n fi ránṣẹ́ tí àdúà bá ti parí, kí orúkọ ìyá àwọn má bàa parẹ́. Bí mo bá kọ̀, inú àpótí ni Rábí máa jẹrà sí. Bí mo bá sì gbà, ọmọ mìíràn ni wọ́n máa tẹ̀ jáde, orúkọ Rábí ni wọ́n á kàn fi jẹ́. Gbogbo ẹbí ló wà lẹ́yìn Bàbá Mùfú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé ná, kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n ní kí n bàjẹ́. Tí wọ́n bá ti kọ orí kan tán, wọn kì í fi han ọ̀mọ̀wé kankan. Wọ́n á dúró di ẹ̀yìn ìrun alásàrì, nígbà tí àwọn obìnrin agboolé bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n á fa àpótí ìjókòó wọn sún mọ́ wọn, wọ́n á sì máa kà á sókè. Wọn kì í bi ẹnikẹ́ni pé ṣé ó dùn. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ rẹ á ní ó dùn, ọ̀tá rẹ á ní kò dùn, àwọn méjèèjì ò sì gbọ́ ohun tí o kà. Ọwọ́ àwọn obìnrin náà ni wọ́n ń wò láti orí ìgò ojú wọn. Àwọn ìyá wa yìí lè rẹ́rìn-ín, wọ́n lè bá ọmọ wí, wọ́n lè bára wọn jà, ọwọ́ wọn kò ní kúrò lẹ́nu ẹ̀gúsí. Ibi tí ọwọ́ bá ti dúró, ibẹ̀ ni ìyá àgbà máa ń yọ báírò lábẹ́ gèlè láti fi sàmì sí.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣòro láti dá dúró jù ni Ìyá Ráfíù, aládùúgbò wa. Ìyá yìí sin ọkọ, ó sin ọmọ, ẹnikẹ́ni kò rí omijé rẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà kọ́kọ́ kọ ìwé náà, ikú ìyá Rábí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ojú ìwé mẹ́ta gbáko, ẹkún lọ́tùn-ún, ẹkún lósì. Wọ́n kà á. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní "ó mà ṣe o," ẹ̀gúsí ń lọ ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n fa ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya. Ohun tí wọ́n kọ dípò rẹ̀ kéré. Wọ́n ní tí Rábí bá ti da omi sínú ìkòkò tán, á fi ìka rẹ̀ tó tutù kọ lẹ́tà kéwú kan sí ara ìkòkò náà, á sì dúró wò ó títí oòrùn á fi gbẹ ẹ́, kó tó lọ pọnmi mìíràn. Wọn kò tíì bí mi tí wọ́n ti ń kọ ìwé yìí, tí wọ́n sì ń tún un kọ, àmọ́ mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ka èyí. Ọwọ́ Ìyá Ráfíù dúró, ẹ̀gúsí kan wà láàárín ìka rẹ̀ méjì. Ó bi wọ́n pé ta ló máa kọ́ ọmọ náà ní lẹ́tà tó kù. Ìyá àgbà pa ìwé dé, wọ́n wọlé. Mo tẹ̀ lé wọn, inú wọn ń dùn bíi ti ọmọdé. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ohun tó ṣe ọmọ kọ́ ni kí o fi han ènìyàn. Ohun tí ọmọ ń fẹ́ ni."

N kò gbọ́n nígbà yẹn. Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo sì máa ń wálé wá tẹ ìwé náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo dé orí kẹrin, ẹ̀rù Rábí bà mí. Mo rò pé àwọn ènìyàn máa kórìíra rẹ̀. Ni mo bá fi ìpínrọ̀ tèmi há a láàárín: pé ọmọ òrukàn tí kò lẹ́nìkan ni, pé ebi ti pa á débi tí kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́, pé ta ni kò ní ṣàánú rẹ̀. Kí n sòótọ́, mo tilẹ̀ sunkún díẹ̀ nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́. Mo gbé bébà fún ìyá àgbà, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń kà, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Wọ́n dé ìpínrọ̀ mi. Ìyá Ráfíù yán, ó ní kí wọ́n bá òun na atẹ. Ìyá àgbà yọ ìgò ojú wọn. Wọ́n béèrè pé ta ló kọ èyí, mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni, mo ní kí wọ́n lè káàánú rẹ̀ ni. Wọ́n ní, "O ti bá wọn sunkún tán. Kí ni o fẹ́ kí wọ́n tún ṣe?"

Oṣù méjì ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á dáhùn, nítorí ẹ̀sìn ní kí wọ́n dáhùn, ó tán. Mo bínú gan-an. Mo ní ṣé ìwé ni ọmọ-ọmọ wọn ni àbí èmi? Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n pè mí lórí fóònù pé àkàrà gbígbóná wà nílẹ̀, kí n má jẹ́ kó tutù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì. Kò sẹ́ni tó rí wọn kí wọ́n kúnlẹ̀ rí, àfi fún Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà tí mo mẹ́nu bà kò gùn. Ó ń gbé wọn bọ̀ láti ìdíkọ̀, ó rí ọmọ kékeré kan, ó sì kígbe "olè" mọ́ ọn. Ìyá àgbà ní kó dúró. Wọ́n bi í pé kí ni ọmọ náà jí, ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n sanwó rẹ̀ pé, wọ́n ní, "O ò ṣe pè é ní ọmọ tó jí ọ̀gẹ̀dẹ̀? Tí o bá ti pè é ní olè, o ò ní bi í mọ́ pé kí ló dé." Wọ́n fẹsẹ̀ rìn délé nínú oòrùn, ẹsẹ̀ wọn wú fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ti álífà ló dun àwọn ará ilé jù. Álífà tuntun kan kó wá sí àdúgbò wa, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó gbọ́ nípa ìwé náà, ó sì wá bá ìyá àgbà nílé. Ó rọra bẹ̀ wọ́n pé ọmọ tó fọ wàláà oníwàláà, tí kò sì tọrọ àforíjì, kò yẹ lẹ́ni tí a ń kọ ìtàn nípa rẹ̀ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí. Ó ní wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá àgbà gbé omi fún un, wọ́n sì fún un ní àga tó dára jù. Wọ́n wá bi í léèrè ìbéèrè kan.

"Álífà, ọmọ tí ẹ nà láàárọ̀ yìí, kí ló jẹ kó tó wá?"

Álífà ronú, ó ní òun kò mọ̀.

"Èmi mọ ohun tí Rábí jẹ."

Òótọ́ ni, ó wà nínú ìwé: ẹ̀kọ tútù ẹyọ kan, tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ó sì já ìdajì rẹ̀ fún adìyẹ nítorí ó fẹ́ kí nǹkan kan wà tó máa sáré pàdé òun. Kí n má purọ́ mọ́ álífà, kò gbà fún ìyá àgbà títí di òní. Ṣùgbọ́n òun ló ṣíwájú nígbà tí a kírun sí wọn lára.

Ohun tí wọ́n ṣe tí mo fi mọ ẹni tí wọ́n jẹ́, wọn kò tíì bí mi nígbà tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n di ìwé méjèèje sínú ìborùn, wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé kan. Bàbá Mùfú, tó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, ló sìn wọ́n lọ. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ yìn wọ́n, ó ní iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ó ní òun máa tẹ̀ ẹ́, àfi orí kẹrin. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ àná ni wọ́n tún ń sọ lónìí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí omi náà ṣèèṣì dà. Ìyá àgbà bi í pé bó bá ṣèèṣì, kí ni Rábí ń ṣe nínú ìwé? Ọkùnrin náà ní kí àwọn ènìyàn lè fẹ́ràn rẹ̀ ni. Bàbá Mùfú dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ọ́fíìsì yẹn, wọ́n ń bẹ ìyá wọn pé kí wọ́n gbà, torí àwọn ti sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ àwọn pé orúkọ ìyá àwọn máa wà lára ìwé. Ìyá àgbà tún ìborùn wọn dì. Bàbá Mùfú fúnra wọn ló sọ ohun tí ìyá àgbà wí lẹ́nu ọ̀nà fún wa, tìbínú-tìbínú, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ: "Ọmọ tí kò ṣẹ̀, gbogbo ayé ló lè fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn."

Àwọn ènìyàn máa ń béèrè bóyá ìyá àgbà gan-an ni Rábí. Èmi náà bi wọ́n nígbà tí wọ́n wà lórí àìsàn, mo ń fi epo pa ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Bí mo bá ní èmi ni, èmi ni ẹ ó máa káàánú, ẹ ó sì gbàgbé ọmọ náà." N kò tún béèrè mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ má béèrè.

Ọjọ́ àdúà pé. Wọ́n ka kéwú, wọ́n jẹun, àlejò lọ. Lẹ́yìn ìrun alásàrì, Bàbá Mùfú jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń bó ẹ̀gúsí, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fà á níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n bi mí pé ṣé mo ti tún orí kẹrin ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti kọ ọ́ bí àwọn òǹtẹ̀wé ṣe fẹ́ ẹ, àmọ́ kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí n ka méjèèjì sí wọn létí. Wọ́n ní kí n kà. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ní kí n fi tuntun ránṣẹ́, ẹnu mi kò gbà á láti jiyàn pẹ̀lú wọn.

Mo ka ti àwọn òǹtẹ̀wé. Ẹsẹ̀ Rábí yọ̀, omi dà, ó kígbe, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún, álífà dárí jì í. Tẹ̀sùbáà ń lọ, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Bàbá Mùfú mi orí, wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Mo wá ka ti ìyá àgbà:

"Rábí kò wẹ̀yìn. Ó bu omi, ó dà á sórí wàláà náà láti òkè, tàdáwà tí wọ́n fi kọ ọ́ sì ń ṣàn dúdú gba àárín ìka rẹ̀. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe ń lọ ló ń kà á sókè, kò sì fo ìkankan, kí ó má bàa sọnù. Nígbà tí pátákó náà funfun, gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ ti wà lẹ́nu Rábí. Álífà ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kó kúnlẹ̀. Rábí ní, 'Ẹ gbọ́ tèmi ná. Tí mo bá ṣì í kà, màá kúnlẹ̀.'"

N kò wo ojú Bàbá Mùfú. Ọwọ́ wọn ni mo ń wò. Tẹ̀sùbáà ti dúró. Àtàǹpàkò wọn wà lórí ẹyọ kan, kò lọ, kò bọ̀. Mo yọ báírò, mo fi sàmì síbẹ̀.

"Kí ló dé tí o dúró?" ni wọ́n wí. "Kà á lọ."

Mo kà á dé òpin: bó ṣe kà á tí kò ṣi ẹyọ kan, bí wọ́n ṣe nà án síbẹ̀, bí kò ṣe kúnlẹ̀. Nígbà tí mo parí, Bàbá Mùfú gba bébà ti àwọn òǹtẹ̀wé lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n jókòó lé e.

"Sọ fún wọn pé ọmọ wa kò ní kúnlẹ̀."

Wọ́n wá gbé tẹ̀sùbáà wọn pé kí wọ́n máa bá a lọ. Wọ́n wò ó, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọn ò rántí ibi tí wọ́n kà á dé mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.